Igbà Bàbá Ìbídùn

“Àdògán fi wá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí,” ni Ògiri wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kéde òkú lórí rédíò. “Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe ọ̀rọ̀ náà sétí Ògiri kankan.”

“Ó di gbére,” ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin dáhùn.

“Òṣùká fi wá sílẹ̀.”

“Ó dàrìnnàkò.”

“Ìsaasùn fi wá sílẹ̀.”

“Ó dojú àlá!” Láńrewájú, ọmọkùnrin tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, fi imú dá tirẹ̀ lóhùn bí ẹni tó ń sunkún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Kí ni wọ́n mọ̀? Wọn ò rí òṣùká sójú rí. Òmíràn nínú wọn rò pé ẹyẹ ni.

Àǹtí Ẹ̀rínfọlámí, tíṣà wọn, ò tilẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yìn kíláàsì ni ojú rẹ̀ wà, níbi tí Alábẹ̀wò Bámgbàlà jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, tí eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó gbé àpótí igi kékeré kan lé itan. Bí ohun tó rí lónìí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tẹ àtàǹpàkò mọ́ Ògiri, Wákàtí Ọwọ́ á sì di ti àwọn ọmọ títí láé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, inú àpótí yẹn ni gbogbo ṣọ́ọ̀kì kíláàsì máa bá a lọ sí olú-ìlú.

Àǹtí Ẹ̀rínfọlámí ló fi ẹ̀bẹ̀ gba Wákàtí Ọwọ́ yìí. Ní gbogbo iléèwé, ẹnu lọmọ fi ń kọ̀wé. Ọmọ á sọ̀rọ̀, Ògiri á kọ ọ́ sára ara rẹ̀ ní lẹ́tà iná, á tún un ṣe, á to àmì sí i lórí, á sì yọ ohun tí kò bá wù ú dànù. Ewì ọmọ Àgọ́-Ọ̀pẹ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ Èkó. Gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Àwọn ọmọ ò sì fẹ́ràn ewì rárá, ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò gbádùn oúnjẹ tí ẹlòmíràn bá a jẹ tán?

Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú síléètì àti ṣọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ni gbogbo wọn yà. Àwọn kan jẹ ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìjà ló ń bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ka tirẹ̀.

“Ẹ má fi àmì da ara yín láàmú,” ni ó máa ń sọ fún wọn. “Ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ mú jáde ná. Àmì á tẹ̀lé e bí ìrù ṣe ń tẹ̀lé ajá.”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o. Òun ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ìbídùn nìkan ni kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu ọmọ náà. Àǹtí kúnlẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ kan. “Ohun tó wà nínú rẹ gan-an ni kó o kọ,” ló sọ fún un. “Òótọ́ ni kó o kọ. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wà lẹ́yìn rẹ.”

Ọmọ náà wò ó títí. “Ṣé lóòótọ́, Àǹtí?”

“Lóòótọ́ ni.”

Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ náà. Ó fi apá bo síléètì rẹ̀, ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ. Ayọ̀ kún inú Àǹtí débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

“Ó yá o,” ni Alábẹ̀wò wí báyìí, ó ń na ẹsẹ̀ tó ti kú tì í lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti bá àwọn ọmọ ṣeré nígbà tó wọlé, ó sì pín búrẹ́dì rẹ̀ fún wọn. “Ògiri gbọ́dọ̀ ka síléètì gbogbo wọn láì kọsẹ̀. Bó bá ti kà á já, mo ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.”

Láńrewájú ló kọ́kọ́ sáré síwájú, ó gbé síléètì rẹ̀ sí iwájú ojú dígí tó wà láàárín Ògiri. Ògiri kà á sókè:

“Ewúrẹ́ ilé wa gbọ́n,
ó jẹ ṣòkòtò bàbá mi,
ó ṣẹ́ bẹ́líìtì kù fún un.”

Kíláàsì pariwo. Alábẹ̀wò pàtẹ́wọ́. “Ọmọ yìí ò ní pa wá! Ẹ gbọ́, ṣé òótọ́ ni?” Láńrewájú búra pé òótọ́ ni, pé bẹ́líìtì yẹn ṣì wà lórí okùn aṣọ. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan, Ògiri sì ń kà wọ́n bí ẹni mu omi. Àǹtí Ẹ̀rínfọlámí bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa. Lẹ́yìn fèrèsé, Alákẹdun, ẹ̀rọ onírin tó ń gun ọ̀pẹ ìlú, ń fi èékánná rẹ̀ ha igi lọ sókè, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

Ìbídùn ló kẹ́yìn. Ó gbé síléètì rẹ̀ sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́tà ńláńlá ló fi kọ ìlà àkọ́kọ́, kò sì sí àmì kankan lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tíṣà ṣe kọ́ ọ: IGBA BABA MI JA.

“Igbá bàbá mi já,” ni Ògiri kà, pẹ̀lú ohùn dídùn.

Igbá kì í já. Fífọ́ ni í fọ́.

“Kì í ṣe igbá,” ni Ìbídùn wí. Ohùn rẹ̀ kéré. “Igbà ni.”

“Ṣé igba ni, èyí tí à ń kà?” ni Ògiri bi í. “Àbí ìgbà, èyí tó ń lọ? Àbí igbá, èyí tí a fi ń bu omi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ọ̀kan.”

“Igbà.”

“Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú Àpò ọ̀rọ̀ mi. Mo ti bá yín fi igbá sí i.”

“Háà! Igbá ìdí bàbá ẹ̀ ni ó já!” Láńrewájú ti fò dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí ara rẹ̀ mú, ó ń rìn gbẹ̀gẹ̀-gbẹ̀gẹ̀ bí ẹni tí nǹkan fẹ́ já bọ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Àwọn kan ń lu tábìlì. Alábẹ̀wò fi etí agbádá bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Àǹtí Ẹ̀rínfọlámí sì wò ó, ó rí bí inú rẹ̀ ti dùn tó, òun náà bá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín kékeré ni o. Ẹ̀rín imú lásán, èyí tí ènìyàn máa ń rín kí ọ̀gá má baà dá nìkan rín tirẹ̀. Ká ní kò mọ ohun tí igbà jẹ́ ni, ǹ bá bá a bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n! Ó mọ igbà bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gun ọ̀pẹ kí Alákẹdun tó dé. Òun gan-an, nígbà tó wà lọ́mọdé, ló máa ń jókòó ti ọkùnrin náà tó bá ń hun ún, tó máa ń bá a fa ẹnu okùn náà le. Bí Ìbídùn ṣe gbé síléètì yẹn sókè ló ti yé e. Gbogbo Àgọ́-Ọ̀pẹ ló mọ bí bàbá ọmọ náà ṣe kú: ẹ̀rọ ń gun igi fún wọn, ó ní ẹ̀rọ ò mọ ẹmu dá, ó gun ọ̀pẹ fúnra rẹ̀, ó sì já bọ́. Ikú òmùgọ̀ ni wọ́n pè é ní ìta. Wọ́n kì í sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ò kúkú dití.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà, àgbà ń rẹ́rìn-ín.

Ìbídùn ò wo Láńrewájú. Kò wo Alábẹ̀wò. Tíṣà rẹ̀ ló ń wò, títí ẹ̀rín náà fi kú sí obìnrin náà lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó gbé síléètì lé itan, ó tutọ́ sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún. Kì í ṣe ìlà àkọ́kọ́ nìkan. Gbogbo rẹ̀ ló nù, àwọn ìlà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́.

“Ìbídùn, má nù ún,” ni Àǹtí wí.

“Mo ti nù ún tán.” Ó da síléètì náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. “Ẹ ní ẹ wà lẹ́yìn mi.”

Ojú ti Ẹ̀rínfọlámí. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná, débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, á bọ́ sínú rẹ̀ á tún dúpẹ́.

Alábẹ̀wò ti dìde. Ó súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí èyí bà yín nínú jẹ́. Kó tún un kọ, kó fi igbá sí i. Igbá kúkú dára nínú ewì. Ẹ rí i, mo ti na àtàǹpàkò.”

“Ọ̀rọ̀ tó kọ wà, sà. Mo mọ̀ ọ́n.”

Ojú ọkùnrin náà yí padà. “Ẹ fi sínú,” ló wí kíákíá. “Ẹ mọ òfin. Kíláàsì tí òkú ọ̀rọ̀ bá ti jíǹde, wọ́n gbọ́dọ̀ ti Wákàtí Ọwọ́ ibẹ̀ pa títí olú-ìlú yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà mọ bí olú-ìlú ṣe ń yára tó. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á ti bí ọmọ. Nítorí ọ̀rọ̀ kan?”

Ẹ wá wo ìdààmú. Gbogbo kíláàsì ló wà níbẹ̀, wọ́n di ṣọ́ọ̀kì wọn mú, ìyẹ̀fun funfun wà nímú wọn. Ohun tó fi ẹ̀bẹ̀ gbà fún wọn nìyẹn, tí wọ́n ti wá fẹ́ràn. Bó bá dákẹ́, ó dúró. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lọ. Ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá dákẹ́, gbogbo ọmọ ibẹ̀ á máa kọ̀wé lọ, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà á jókòó síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á máa wò ó.

Ó rìn lọ síwájú Ògiri.

“Mo fẹ́ jẹ́rìí ọ̀rọ̀,” ló wí.

Iná Ògiri yí padà di pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ọmọ ò rí àwọ̀ yẹn rí. “Ẹ sọ orúkọ yín.”

“Ẹ̀rínfọlámí, ọmọ Òjútaláyọ̀. Tíṣà ni mí ní Àgọ́-Ọ̀pẹ.”

“Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀.”

“Igbà. Okùn tí agunọ̀pẹ ń gbé yí ara òun àti igi ká, tó fi ń gùn ún. Òun ló so ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀.” Ó fi ọwọ́ ṣe é nínú afẹ́fẹ́, bí wọ́n ṣe ń jù ú sókè, bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì í. Láńrewájú la ẹnu sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e.

“Ìgbà wo ni ẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn, kí sì ni ẹ ṣe nígbà tí ẹ gbọ́ ọ?”

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìbéèrè yìí wà níbẹ̀. Alábẹ̀wò mọ̀ ní tirẹ̀. Ó gbọn orí, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. “Ẹ ní ọjọ́ ti pẹ́,” ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ẹ ní ìyá yín ló sọ ọ́. Ohùn tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbí yìí ni wọ́n á máa gbọ́ ní gbogbo iléèwé, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bi Ògiri kí ni igbà. Ẹ bo àṣírí ara yín, ẹ jọ̀ọ́.”

Àǹtí Ẹ̀rínfọlámí yí padà, kí ó lè dojú kọ àwọn ọmọ.

“Lónìí ni mo gbọ́ ọ,” ló wí. “Láti ẹnu Ìbídùn, ọmọ kíláàsì mi, nínú ewì tó kọ fún bàbá rẹ̀. Èmi ni mo ní kó má fi àmì sí i. Èmi ni mo ní kó sọ òótọ́. Mo gbọ́ ọ, ó yé mi, mo sì rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ̀rí ti wọlé,” ni Ògiri wí. “Ẹ fún mi ní gbólóhùn kan tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀.”

Gbólóhùn náà kì í ṣe ti Àǹtí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì kan, ó gbé e lọ sí tábìlì Ìbídùn, ó gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn. Kò bẹ ọmọ náà. Ó mọ̀ pé òun ò lẹ́nu ẹ̀bẹ̀.

Ìbídùn ò gbé ojú sókè. Alákẹdun ti sọ̀ kalẹ̀ lára ọ̀pẹ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tó yá, ọmọ náà yí síléètì rẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kò fi apá bò ó lọ́tẹ̀ yìí. Àmì kan ṣoṣo ló fi sí gbogbo rẹ̀, èyí tó fà wálẹ̀ lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ débi pé ṣọ́ọ̀kì kán. Ó gbé síléètì dé iwájú dígí, Ògiri sì kà:

“Igbà bàbá mi já.
Ọ̀pẹ dúró, kò wí nǹkan.
Ìyá mi ká èyí tó kù,
ó fi so ilẹ̀kùn wa.
Bí mo bá ń jáde láàárọ̀,
bàbá mi ni mo máa ń dì mú.”

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Láńrewájú ti gbé orí lé tábìlì, kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

Alábẹ̀wò ṣí àpótí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó lọ́ra. “Ẹ má bínú,” ló ń sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gba ṣọ́ọ̀kì. “Ẹ má bínú, òfin ni.” Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Láńrewájú, ọmọ náà na ọwọ́ òfìfo sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú, ìyẹ̀fun funfun sì wà létí ètè rẹ̀. Alábẹ̀wò wò ó. “Ìwọ ti jẹ tìrẹ, àbí?” Láńrewájú mi orí. Ọkùnrin náà pa àpótí dé, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó rí i pé ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, bí ẹni tó fẹ́ bá Àǹtí sọ nǹkan. Ó kàn kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀rínfọlámí ò sùn dáadáa. Ó ṣáà ń gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ó ronú pé kí òun rán wọn níṣẹ́ pé ara òun ò yá, ṣùgbọ́n ó wọṣọ, ó lọ. Kò wo ojú ọmọ kankan. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri, wọ́n jọ ń retí ìkéde.

“Kò sí ọ̀rọ̀ tó fi wá sílẹ̀ lónìí,” ni Ògiri wí. “Ọ̀kan padà wá. Igbà.” Ohùn Ògiri yí padà, ó di ohùn obìnrin kan tó ń gbọ̀n, tí wọ́n ń gbọ́ ní àárọ̀ yẹn ní gbogbo iléèwé láti òkun títí dé odò Ọya. Okùn tí agunọ̀pẹ ń gbé yí ara òun àti igi ká. Ó ń sọ ọ́ lọ, kò fo nǹkan kan, títí tó fi dé ibẹ̀. Mo gbọ́ ọ, ó yé mi, mo sì rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Ẹ̀rínfọlámí gbọ́ ọ tán lórí ìdúró, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa ń dá òkú ọ̀rọ̀ lóhùn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ní èyí tí wọ́n á fi dá ẹni tó padà wá lóhùn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó lọ tó padà rí.

Ìbídùn jáde síwájú. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, orókún méjèèjì.

“Ẹ káàbọ̀,” ló wí.

“Ọ̀rọ̀ lásán lo ń kí ní ‘ẹ’?” ni Láńrewájú bi í, jẹ́jẹ́, kì í ṣe pé ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. “‘Káàbọ̀’ nìkan ò bá ti tó.”

Àǹtí Ẹ̀rínfọlámí wá láti ẹ̀gbẹ́ Ògiri, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì kúnlẹ̀ ti Ìbídùn.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ló wí.